Fóònù Kì Í Ṣe Ìsọ̀yè

Mo júbà kí n tó sọ̀rọ̀. Ìbà Olódùmarè, ìbà irúnmọlẹ̀, ìbà àwọn tí ó ti lọ, ìbà àwọn tí ó kọ́ mi. Ara mi ni mo fẹ́ fi ṣe àpẹẹrẹ nínú ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí, nítorí kò yẹ kí ènìyàn máa ka àléébù ẹlòmíràn ní gbangba kí ó tó ka ti ara rẹ̀.

Ó di ọdún kẹrin báyìí tí mo ti ń kọ́ Ifá lọ́dọ̀ Olúwo mi. Mo ti dàgbà kí n tó bẹ̀rẹ̀. Mo ti ní iṣẹ́, mo ti ní ìdílé, n kò sì lè gbé ilé Bàbá bí àwọn ọmọ tí ó ti wà níbẹ̀ láti kékeré. Nítorí náà ni mo ṣe rò pé fóònù yóò ràn mí lọ́wọ́ láti bá wọn. Bí Bàbá bá ti la ẹnu, èmi a ti tẹ fóònù kí ó máa gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀. Nígbà tí ọdún mẹ́ta fi pé, ohun tí mo ti gbà sílẹ̀ ti lé ní ọ̀ọ́dúnrún. Mo tò wọ́n lẹ́sẹẹsẹ, mo fún Odù kọ̀ọ̀kan ní ààyè tirẹ̀. Lóru, nígbà tí oorun kò bá tètè kùn mí, mo máa ń ṣí wọn wò, inú mi a sì dùn bí inú àgbẹ̀ tí ó ń wo àká rẹ̀.

Ní ọjọ́ kan, wọ́n pè wá síbi àkọsẹ̀jayé ọmọ tuntun kan. Bàbá dá Ifá, Odù yọ, ó sì kọjú sí mi pé kí n kí í. Kò sí iná ní àdúgbò wa láti ọjọ́ méjì sẹ́yìn, fóònù mi sì ti kú láti ìdájí. Mo la ẹnu. Mo rí ìbẹ̀rẹ̀ ẹsẹ kan dì mú, mo wá ìyókù rẹ̀ títí, n kò rí i. Ohun tí ó yà mí lẹ́nu ni pé mo mọ ibi tí ẹsẹ náà wà. Mo mọ orúkọ tí mo fún un nínú fóònù, mo mọ oṣù tí mo gbà á sílẹ̀, mo tilẹ̀ rántí pé òjò ń rọ̀ lórí páànù lọ́jọ́ náà. Ẹsẹ gan-an ni kò sí nínú mi. Ọmọkùnrin ọmọ ọdún méjìlá kan tí ó jókòó lẹ́bàá ògiri ni ó gba ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu mi. Ẹsẹ mẹ́rin ni ó kì, kò dúró mí. Ọmọ náà kò ní fóònù.

Bàbá kò bá mi wí níbẹ̀. Ìgbà tí a ń padà lọ sílé ni ó sọ gbólóhùn kan ṣoṣo fún mi: "Ohun tí o gbé fún fóònù, fóònù ni ó kọ́ ọ." Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń ronú lórí ohun tí ẹ̀rọ kékeré yìí ń ṣe sí iyè wa, sí ìfarabalẹ̀ wa, àti sí ẹ̀sìn tí ó dúró lórí méjèèjì.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé mo wá bú ọ̀làjú. Àwa oníṣẹ̀ṣe ni ó yẹ kí ó gbẹ̀yìn nínú àwọn tí yóò sá fún irin. Ògún ni ó fi àdá la ọ̀nà fún àwọn irúnmọlẹ̀ nígbà tí wọ́n ń bọ̀ wá sí ayé. Alágbẹ̀dẹ, ọdẹ, awakọ̀ àti ẹni tí ó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe, ọmọ Ògún ni gbogbo wọn. Nígbà tí ẹ̀rọ GSM bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ fún gbogbo ènìyàn ní Nàìjíríà ní ọdún 2001, oṣù Ògún gan-an ni. Àwa tí ó ti gbọ́njú nígbà náà mọ ìyà tí ó kásẹ̀ nílẹ̀. A mọ ìgbà tí ènìyàn máa ń fi ìwé rán awakọ̀ ní gáréèjì, tí ìròyìn òkú máa ń dé lẹ́yìn ìsìnkú. Lónìí, olórìṣà tí ó wà ní Salvador ń bá èyí tí ó wà ní Ọ̀yọ́ sọ̀rọ̀ lójúkojú. Ohun rere ni.

Ẹ̀rọ tí ó ń gba ohùn sílẹ̀ pẹ̀lú ti ṣe wá lóore. Ní ọdún 1951, Ọ̀jọ̀gbọ́n William Bascom, ará Amẹ́ríkà, gba ohùn Ṣàlàkọ́ sílẹ̀ ní Ọ̀yọ́ lórí ẹ̀ẹ́rìndínlógún, ó sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní ìwé ní ọdún 1980. Ẹni tí ó bá ṣí ìwé náà lónìí yóò dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn méjèèjì. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i pé ohun tí ó ti wà nínú Ṣàlàkọ́ tẹ́lẹ̀ ni ẹ̀rọ náà gbà. Kò gba iṣẹ́ rírántí lọ́wọ́ rẹ̀. Èmi ni mo gbé ohun tí kò tíì wọ inú mi fún ẹ̀rọ, tí mo sì sọ fún ara mi pé mo ti ní in.

Àwọn onímọ̀ nípa ọkàn àti ìṣesí ẹ̀dá ti ṣe ìwádìí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí mi yìí. Ní ọdún 2011, Betsy Sparrow pẹ̀lú Jenny Liu àti Daniel Wegner gbé iṣẹ́ kan jáde nínú ìwé ìròyìn Science. Wọ́n ní kí àwọn ènìyàn máa tẹ àwọn gbólóhùn kan sínú kọ̀ǹpútà. Wọ́n sọ fún àwọn kan pé kọ̀ǹpútà yóò pa á mọ́, wọ́n sì sọ fún àwọn yòókù pé yóò pa á rẹ́. Àwọn tí ó gbà pé yóò pa rẹ́ ni ó rántí ohun tí wọ́n tẹ̀ jù. Nínú apá mìíràn iṣẹ́ náà, wọ́n rí i pé àwọn ènìyàn ń rántí ibi tí a pa ọ̀rọ̀ mọ́ sí ju bí wọ́n ti ń rántí ọ̀rọ̀ náà lọ. Nígbà tí mo ka èyí, mo rí ara mi níbi àkọsẹ̀jayé ọmọ yẹn, tí mo mọ ilé ẹsẹ ṣùgbọ́n tí n kò mọ ẹsẹ.

Ìwádìí kejì tí mo fẹ́ mẹ́nu bà kan ìlú Lọ́ńdọ̀nù. Ẹni tí yóò wa takisí dúdú níbẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́ nǹkan bí 25,000 òpópónà sórí kí ó tó gba ìwé àṣẹ, ó sì lè gbà á ní ọdún mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Katherine Woollett àti Eleanor Maguire tẹ̀ lé akẹ́kọ̀ọ́ 79, wọ́n ya àwòrán ọpọlọ wọn ní ìbẹ̀rẹ̀, wọ́n sì tún yà á lẹ́yìn ọdún díẹ̀. Àwọn 39 ni ó yege. Nínú àwọn tí ó yege yìí, apá kan nínú ọpọlọ tí ó ń bójú tó ìrántí ti tóbi sí i. Kò rí bẹ́ẹ̀ nínú àwọn tí kò yege, kò sì rí bẹ́ẹ̀ nínú àwọn tí kò kọ́ ọ rárá. Ọdún 2011 ni iṣẹ́ yìí náà jáde. Àwọn baba wa kò ya àwòrán ọpọlọ ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n wọ́n mọ̀ pé ọmọ tí ó lo ọdún mẹ́wàá lórí Odù 256 kò ní jáde bí ó ti wọlé. Ẹni tí ó ń kọ́ nǹkan sórí kì í kàn ń kó ẹrù sínú àpótí. Àpótí náà fúnra rẹ̀ ni ó ń yí padà.

Ìdí nìyí tí àwọn àgbà fi ní ìsọ̀yè. Gbogbo wa mọ oògùn yìí, wọ́n ń lò ó fún ẹni tí ó ń kọ́ Ifá kí iyè rẹ̀ lè jí. Ìsọ̀yè kì í bá ènìyàn rántí. Ó ń jí iyè, kí ẹni tí ó lò ó lè rántí fúnra rẹ̀. Fóònù ń bá wa rántí, iyè a sì máa sùn. Ẹ bi ara yín léèrè, ẹ̀yin tí ẹ ti lé ní ogójì ọdún: nọ́ńbà tẹlifóònù mélòó ni ẹ mọ̀ lórí nígbà kan rí? Mélòó ni ẹ mọ̀ lónìí? Èmi kò mọ ti ìyàwó mi lórí.

Ẹnì kan lè sọ pé nọ́ńbà kì í ṣe nǹkan, kí fóònù máa bá wa tọ́jú rẹ̀. Mo gbà. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo bí a ṣe ń dá Ifá. Ẹni tí ó wá ṣàyẹ̀wò kì í sọ ohun tí ó ń dùn ún fún babaláwo. Ó ń sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ sí owó ọwọ́ rẹ̀, ó sì ń fi owó náà kan ọ̀pẹ̀lẹ̀. Odù a yọ, babaláwo a máa kì í, ẹsẹ kan tẹ̀ lé òmíràn, títí ẹni náà yóò fi gbọ́ ọ̀rọ̀ ara rẹ̀. Níbo ni fóònù fẹ́ wọ̀ sí nínú ètò yìí? Ohun tí a bá tẹ̀ fún fóònù ni ó ń wá. Babaláwo kò mọ ohun tí yóò tẹ̀, nítorí a kò sọ fún un. Ẹni tí ó wá sì lè má mọ orúkọ ohun tí ó ń ṣe é. Ẹsẹ tí ó wà nínú ènìyàn lè gòkè wá láìjẹ́ pé a pè é. Èyí tí ó wà nínú fóònù yóò dúró síbẹ̀ di ìgbà tí a bá rántí láti wá a, ẹni tí ó ti gbàgbé pé ohun kan wà kò sì ní wá a láéláé. Bí gbogbo wa bá di ẹni tí ó mọ ibi tí ẹsẹ wà, ta ni yóò kì í fún ẹni tí ìṣòro gbé wá sórí ẹní?

Ìrántí ni mo ti ń sọ. Ìfarabalẹ̀ ni ó kù, òun ni ó sì le jù lójú mi.

Ní Amẹ́ríkà, onímọ̀ kan wà tí ń jẹ́ B. F. Skinner, tí ó fi ẹyẹlé sínú àpótí tí ó ní bọ́tìnnì kan. Bí ẹyẹlé bá fi àgógó gún bọ́tìnnì náà, oúnjẹ lè jáde. Òun àti Charles Ferster kọ ohun tí wọ́n rí sínú ìwé ní ọdún 1957. Bí oúnjẹ bá ń jáde láìṣe déédéé, tí ẹyẹlé kò mọ èwo ni yóò mú un wá, yóò máa gún bọ́tìnnì náà lọ láìsinmi, kódà yóò pẹ́ kí ó tó dáwọ́ dúró lẹ́yìn tí oúnjẹ bá ti tán pátápátá. Ẹ wo ọwọ́ ara yín nígbà tí ẹ bá jókòó ní báńkì tàbí nínú ọkọ̀. Kò sí ẹni tí ó pè yín, fóònù kò dún, síbẹ̀ ẹ ti mú un jáde. Bóyá ẹnì kan ti fèsì. Bóyá ẹnì kan ti fẹ́ràn àwòrán yín. Nígbà mìíràn, nǹkan wà níbẹ̀; nígbà mìíràn, kò sí. Àìmọ̀ yẹn gan-an ni ó ń fa ọwọ́ wa.

Wọ́n sì mọ̀ọ́mọ̀ ṣe púpọ̀ nínú rẹ̀ ni. Ní ọdún 2006, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ń jẹ́ Aza Raskin ṣe ètò tí ojú ìwé kọ̀ǹpútà kò fi ní òpin mọ́, tí ó jẹ́ pé bí a bá ti ń fà á sókè ni nǹkan tuntun ń jáde. Òun fúnra rẹ̀ ti sọ ní gbangba pé òun kábàámọ̀ ohun tí ètò yìí dà. Ní oṣù Èrèlé ọdún 2009, Facebook fi bọ́tìnnì "Like" kún tirẹ̀. Ìpolówó ọjà ni ilé iṣẹ́ náà fi ń pa èyí tí ó pọ̀ jù nínú owó rẹ̀, nítorí náà ojú wa ni ọjà tí ó ń tà. Ọjà tiwa a máa tú. Ọdún egúngún a máa parí, egúngún a sì wọlé. Àgbà tí ó ń pàlọ́ a máa sọ pé kí àwọn ọmọ lọ sùn. Èyí nìkan ni kì í tú, tí kì í sì í wọlé.

Àwọn kan máa ń sọ pé ohun tí àwọn àgbà sọ nígbà tí ìwé dé náà nìyí, ìwé kò sì pa wá. Òótọ́ wà nínú rẹ̀, ìwé náà gba díẹ̀ nínú iṣẹ́ iyè. Ṣùgbọ́n ìwé kì í gbọ̀n nínú àpò. Ìwé kì í mọ̀ pé a ti gbé òun sílẹ̀ kí ó wá fi orúkọ ọ̀rẹ́ wa pè wá padà.

Kí ni èyí ní í ṣe pẹ̀lú òrìṣà? Ẹ jẹ́ kí n tún ka àléébù ara mi. Ní ọdún tí ó kọjá, mo bọ orí mi. Lẹ́yìn tí obì yàn, mo ya àwòrán rẹ̀, mo kọ ọ̀rọ̀ ìwúrí sí i, mo gbé e sójú Facebook. Mo ní mo fẹ́ kí àwọn ọ̀dọ́ rí i pé a kò tijú ẹ̀sìn baba wa, mo sì rò pé òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n kí awẹ́ obì náà tó gbẹ, mo ti yẹ fóònù wò ní ìgbà mọ́kànlá láti mọ iye ènìyàn tí ó fẹ́ràn rẹ̀. Àwọn àgbà ní, orí là bá bọ, à bá fi òrìṣà sílẹ̀. Èmi bọ orí tèmi tán, mo sì fi í sílẹ̀ níbẹ̀, mo lọ ń bi orí ẹlòmíràn léèrè bóyá ó ti gbà.

Mo tún lọ sí ọdún Ọ̀ṣun ní Òṣogbo. Nígbà tí Arugbá ń kọjá, mo wo àwọn tí ó yí mi ká. Àkókò yẹn ni àwọn ìyá wa máa ń tẹ́ ọwọ́, tí wọ́n máa ń sọ ohun tí ó wà nínú wọn. Ọwọ́ púpọ̀ ni ó wà lókè, ṣùgbọ́n fóònù ni ó wà nínú wọn. Tèmi náà wà níbẹ̀. Mo ní fídíò náà títí di òní, mo sì ti wò ó bóyá ẹ̀ẹ̀mejì. N kò rántí pé mo sọ àdúrà kankan.

Ní ọdún 2017, Adrian Ward àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ìwádìí kan pẹ̀lú nǹkan bí 800 ènìyàn. Wọ́n fún wọn ní iṣẹ́ tí ó gba ìrònú. Àwọn kan gbé fóònù wọn sórí tábìlì, àwọn kan fi í sínú àpò, àwọn kan sì fi í sí yàrá mìíràn. Kò sí fóònù tí ó dún. Síbẹ̀, àwọn tí tiwọn wà ní yàrá mìíràn ṣe dáadáa ju àwọn tí tiwọn wà lórí tábìlì lọ. Àwọn olùwádìí mìíràn ti gbìyànjú irú rẹ̀, èsì wọn kò sì bára mu tán, nítorí náà n kò ní kí ẹ gbé e bí ẹni gbé Ifá. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ti jókòó níwájú ojúbọ pẹ̀lú fóònù lábẹ́ itan mọ ohun tí mo ń sọ. Ara wà níbẹ̀. Apá kan nínú ọkàn dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń retí àlejò.

Mo máa ń ronú nípa àwọn ènìyàn wa tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Bùràsíìlì àti Kúbà. Wọ́n gba aṣọ lára wọn, wọ́n fi orúkọ mìíràn pè wọ́n, wọ́n ya ọmọ kúrò lára ìyá. Kò sí ìwé lọ́wọ́ wọn, kò sí ibi tí wọ́n pa nǹkan mọ́ sí. Síbẹ̀, orin dé ibẹ̀, oríkì dé ibẹ̀, orúkọ ewé dé ibẹ̀. Ilé òrìṣà tí wọ́n ń pè ní Casa Branca ní Salvador ti wà láti ìgbà tí òwò ẹrú kò tíì parí níbẹ̀. Ní ọdún 1984, ìjọba Bùràsíìlì fúnra rẹ̀ kà á mọ́ ohun ìní àjogúnbá orílẹ̀-èdè náà. Ohun tí ó gbé ilé náà ró ni ohun tí àwọn ẹni tí a dè mọ́ ara wọn nínú ọkọ̀ ojú omi gbé sínú ara wọn, tí ẹnikẹ́ni kò lè gbà. Bí ó bá jẹ́ pé irú ìrántí tèmi yìí ni wọ́n gbé lọ, kí ni ìbá kù lónìí?

Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi èyí sọ pé kí a kó fóònù dà sí odò. Àbúrò mi obìnrin kan wà ní Lọ́ńdọ̀nù tí òun náà ń kọ́ Ifá lọ́dọ̀ Bàbá. Orí WhatsApp ni ó ti ń kọ́ ọ, kò ní ọ̀nà mìíràn. Lọ́sẹ̀ kan, Bàbá a fi ohùn rẹ̀ ránṣẹ́ sí i, ẹsẹ kan péré. A gbọ́ ọ ní ẹ̀ẹ̀mẹta, a sì pa á rẹ́. Bí ọ̀sẹ̀ bá yí po, a pe Bàbá, a kì í fún un. Nígbà tí mo bi í pé kí ló dé tí ó ń pa á rẹ́, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, tí n kò bá pa á rẹ́, n kò ní kọ́ ọ." Irú fóònù kan náà ni èmi àti òun ń lò. Òun ní ẹsẹ tí ó lé ní ọgọ́ta nínú. Ohun tí ó yà wá sọ́tọ̀ ni pé òun fi èèwọ̀ lé fóònù tirẹ̀, èmi kò ṣe bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá gan-an nìyí. Nínú ilé Yorùbá, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ohun èlò tí kò ní èèwọ̀. A kì í jókòó lórí odó. A kì í fi ìgbálẹ̀ na ọkùnrin, a kì í sì í gbálẹ̀ lóru. A kì í na ẹnu ọ̀bẹ sí ènìyàn. Kì í ṣe pé àwọn àgbà kórìíra odó, wọn ìbá má jẹ iyán. Wọ́n mọ̀ pé ohun tí ó wúlò tí a sì ń fọwọ́ kàn lójoojúmọ́ ni ó yẹ kí ó ní ààlà. Fóònù ni a ń fọwọ́ kàn jù lónìí, òun nìkan ni ó sì wọ ilé láìní èèwọ̀. Ó ń bá wa jẹun, ó ń bá wa wọ ojúbọ, òun ni a ń rí kẹ́yìn lóru, òun ni a sì ń kọ́kọ́ kí láàárọ̀ ṣáájú orí wa.

Èmi kò ní àṣẹ láti fi èèwọ̀ lélẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Ọ̀dọ̀ Ifá àti ọ̀dọ̀ àwọn àgbà ni èèwọ̀ ti ń wá. Ṣùgbọ́n ọmọdé lè dọ̀bálẹ̀ kí ó bẹ àgbà. Mo ń bẹ ẹ̀yin olórí ilé àti olórí ẹgbẹ́ kí ẹ jókòó lé ọ̀rọ̀ yìí, kí ẹ sì gbé nǹkan mẹ́rin yìí yẹ̀ wò. Èkíní, kí fóònù má ṣe kọjá ẹnu ọ̀nà ojúbọ nígbà tí ẹbọ bá ń lọ. Bí ó bá yẹ kí a ya àwòrán, kí àgbà yan ẹnì kan ṣoṣo tí yóò yà á. Èkejì, kí akẹ́kọ̀ọ́ má ṣe gba ẹsẹ kankan sílẹ̀ kí ó tó lè kì í láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin níwájú olùkọ́ rẹ̀. Ẹni tí ó bá wà lókèèrè, kí ó ṣe bí àbúrò mi ti ń ṣe. Ẹ̀kẹta, bí ilẹ̀ bá mọ́, kí a fi ọwọ́ kan orí, kí a kí Elédùmarè, kí a kí ará ilé, kí ọwọ́ tó kan fóònù. Ẹ̀kẹrin, ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ògún, kí irin yìí sinmi títí di ọ̀sán, kí òun náà mọ̀ pé ó ní ọ̀gá.

Mo ti bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ ara mi. Bàbá dá mi padà sí ìbẹ̀rẹ̀, ẹsẹ kan ní ọjọ́ mẹ́rin-mẹ́rin, láìsí fóònù. Ní oṣù àkọ́kọ́, ọwọ́ mi máa ń lọ sí àpò fúnra rẹ̀ bí ọwọ́ ẹni tí ó ń họ ibi tí kò yún un. Ojú tì mí. Ó ń dínkù díẹ̀díẹ̀. Ní ọjọ́ kan tí mo tò síbi tí wọ́n ti ń ta epo bẹntiróòlù, tí oòrùn ń pa gbogbo wa, ẹsẹ kan tí n kò pè gòkè wá láti inú mi, ó sì bá ohun tí ó ń dà mí láàmú lọ́jọ́ náà mu. Mo kì í jẹ́ẹ́jẹ́ dé òpin. N kò gbà á sílẹ̀.

Àwọn ohùn Bàbá tí ó lé ní ọ̀ọ́dúnrún ṣì wà nínú fóònù, n kò pa wọ́n rẹ́, nítorí ìṣúra ni wọ́n. Ṣùgbọ́n Bàbá ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Ọjọ́ kan ń bọ̀ tí wọn yóò gbé ọmọ tuntun mìíràn wá, tí Odù yóò yọ, tí kò ní sí ẹni tí yóò kọjú sí mi pé kí n kí í, àfi Ifá fúnra rẹ̀. Mo fẹ́ kí ó bá nǹkan nínú mi.

Kí orí má jẹ́ kí a gbàgbé. Kí iyè wa jí. Àbọrú, àbọyè, àbọṣíṣẹ. Àṣẹ.